Àwọn ọmọ tó ń sáré káàkiri níbi ìdánrawò gọ́ọ̀fù, àti àwọn òbí tí kì í wí nǹkan kan: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọlọ́wọ́-Ọ̀tún

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má lọ fi ìbínú sọ ohun tí kò yẹ. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù dánra wò, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn òbí máa ń kó ọmọ wá. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà tó máa ń kó mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú wọn. Bàbá á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á tẹjú mọ́ fóònù. Àwọn ọmọ á máa fi ọ̀pá bá ara wọn jà bí ẹni tó mú idà, wọ́n á máa sáré gba ẹ̀yìn gbogbo wa kọjá, èyí tó kéré jù á wá fò kọjá ìlà tí a máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, á lọ ṣa bọ́ọ̀lù níwájú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ yìí o." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n gba bọ́ọ̀lù yín ni? Ọmọdé ni wọ́n." Ó bá tún padà sídìí fóònù ẹ̀.

Mi ò kórìíra ọmọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo lè fa ọ̀pá sẹ́yìn lọ́jọ́ kan kó jẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ ló máa bá. Kí lẹ̀yin máa ń ṣe?

Bàbá Àgbà Onígọ́ọ̀fù

Ọmọ mi, gbé ọ̀pá sílẹ̀ ná. Kó o tó wo ojú bàbá wọn, kó o tó máa wá òṣìṣẹ́ kiri, kó o tó bínú pàápàá, gbé ọ̀pá sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ló léwu. Ó léwu lóòótọ́. Òfin ní kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀jáfáfá bá fi dírafà (ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù) gbá a tó bá a dáadáa, eré rẹ̀ lè lé ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ti ọmọdé, orí ọ̀pá gan-an ni kó o bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà nítorí gọ́ọ̀fù, ọ̀pá tí ẹlòmíì ń fì láti gbá bọ́ọ̀lù ló bà wọ́n lórí, ó sì lè fọ́ egungun agbárí. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ọmọ ọdún márùn-ún ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 110 lọ ní gíga. Ibi tí orí rẹ̀ wà yẹn náà ni orí ọ̀pá ń gbà kọjá.

Láti ìgbà tí ọ̀pá bá ti ń bọ̀ láti òkè títí tó fi máa kan bọ́ọ̀lù, ó kéré sí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan dáadáa. Kò sí ojú tó lè rí ọmọ kí ọwọ́ sì dúró láàárín ìgbà yẹn. Nítorí náà, má sọ fún ara rẹ pé wàá máa ṣọ́ra bó o ṣe ń gbá a. Tí wọ́n bá wà nítòsí, a kì í gbá a. Ó parí.

Dídúró yẹn sì ní ohùn tirẹ̀. Gbé ọ̀pá sílẹ̀, kọjú sí àwọn ọmọ náà, má wí nǹkan kan. Òbí tó ń wo fóònù á ṣàdédé gbọ́ pé gbígbá bọ́ọ̀lù ti dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Á gbójú sókè. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ láìmọye ìgbà, láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu.

Alápá-Òsì

Mo fara mọ́ ti Bàbá. Èmi fẹ́ fi ti yíyan àyè téèyàn máa dúró sí gbá bọ́ọ̀lù kún un, torí àwọn èèyàn kì í ronú sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, bẹ́ ẹ bá ti dúró sídìí bọ́ọ̀lù, apá ọ̀tún ni àyà yín kọjú sí, apá òsì lẹ sì kọ̀yìn sí. Ẹ ò lè rí ọmọ tó bá ti apá òsì wá. Ẹ lọ gba àyè tó wà ní ìpẹ̀kun lápá òsì. Ògiri tàbí nẹ́ẹ̀tì ló máa wà lẹ́yìn yín, gbogbo ọmọ tó bá wà nílé ìgbábọ́ọ̀lù náà á sì wà níwájú ojú yín.

Àǹfààní kan tún wà ńbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ṣèèṣì kan ọrùn ọ̀pá dípò ojú ọ̀pá, ọ̀tún ló ń yà sí, pẹ̀lú agbára. Àwọn ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń gbá irú ẹ̀ ṣáá ni. Tẹ́ ẹ bá wà lápá òsì wọn, tiwọn ò ní yà bá yín. Tiyín ló lè yà sọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà, ẹ dáwọ́ dúró bí Bàbá ṣe wí. Àwa tá à ń fi òsì gbá a, ẹ yí gbogbo ohun tí mo sọ padà ni.

Ẹ yọ nǹkan tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí náà o. Ẹni tó ń gbọ́ orin ò lè gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ.

Ìyá Ọkùnrin Méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, torí pé èmi náà ń kó ọmọ lọ síbẹ̀, ara àwọn ọmọ mi ò sì balẹ̀ rárá. Ọ̀gá tó kọ̀wé yìí, ohun tẹ́ ẹ sọ fún bàbá yẹn kò yé e. "Àwọn ọmọ yìí o." Àwọn ọmọ yìí ṣe kí ni? Ohun tí òbí máa ń gbọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé òun ò kọ́mọ. Bó bá sì ti gbọ́ ìyẹn, ó tán, ọ̀rọ̀ ọmọ ti di ọ̀rọ̀ iyì.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé bá jà ni kẹ́ ẹ sọ. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín tó wọ aṣọ pupa wà lẹ́yìn mi, mi ò sì lè rí i tí mo bá fa ọ̀pá sẹ́yìn. Ẹ bá mi pè é sọ́dọ̀ yín kí n lè gbá tèmi." Ẹ sọ ọmọ wo, ẹ sọ ibi tó wà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Kò sí ẹ̀kọ́ ilé níbẹ̀, kò sí "ọmọ ìsinsìnyí," kò sí "nígbà tiwa." Òbí wo ló máa ní rárá, ẹ gbá a lórí? Àní bàbá olóríkunkun yẹn náà á dìde.

Ẹ má pariwo ẹ̀ láti àyè yín. Ẹ rìn lọ bá a. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ! Ẹ wo bó ṣe rí lójú ìyá, pé ọkùnrin tí ojú rẹ̀ le gbé irin dání, ó ń bọ̀ wá bá òun torí ọmọ òun. Èmi ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó bá sọ, irin ni màá máa wò.

Bẹ́ ẹ bá tún rí àyè, ẹ fi ohun rere kan sí i. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé ọmọ mi kejì máa gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, àmọ́ kó má dúró síbi tó dúró sí. Mo gbọ́ ìkejì torí pé ó sọ àkọ́kọ́.

Má-Fi-Mí-Ṣeré

Ìyá, ẹ má bínú, àmọ́ mi ò gbà. Èmi náà sanwó. Ṣé èmi ni màá máa wá ọ̀rọ̀ tútù fún ẹni tó kó ọmọ wá síbi irin tó sì ń wo fóònù? Kó mú ọmọ rẹ̀ dání, tàbí kó kó wọn lọ síbi ìṣeré ọmọdé. Èmi máa ń sọ ọ́ sójú wọn.

Ìyá Ọkùnrin Méjì

@Má-Fi-Mí-Ṣeré Ẹ jàre ẹ̀. Mi ò jiyàn. Ẹ kàn sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nínú kẹ́ ẹ jàre àti kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín tán ní àlàáfíà. Ẹni tẹ́ ẹ bú tán yẹn, ẹ̀gbẹ́ yín ló ṣì máa wà títí garawa bọ́ọ̀lù tó rà á fi tán, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa sáré bọ̀ wá wo "ọkùnrin tó bú dádì wa."

Òṣìṣẹ́ Orí Pápá

Mo ń ṣiṣẹ́ nírú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn káńtà.

Bí a ṣe máa dá yín lóhùn wà lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wá sọ. Tẹ́ ẹ bá ní "wọ́n ń pariwo," ohun tá a lè ṣe ò pọ̀, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìkàwé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní "ọmọ kan kọjá ìlà ní iwájú àyè kẹrin," mo gbọ́dọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń fì ọ̀pá níbi tí kì í ṣe orí ẹní tí wọ́n ń dúró lé gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó ń fojú sun ọkọ̀ tó ń kó bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ nọ́ńbà àyè, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ má sọ irú èèyàn tí bàbá yẹn jẹ́. Ẹ má sì dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, wọ́n á fara dà á tán, wọ́n á wá bínú sí wa lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìdílé náà ti lọ.

Agbára wà lọ́wọ́ wa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. A lè kó ìdílé kan lọ sí ìpẹ̀kun. A lè fún ẹ̀yin gan-an ní àyè míì. A lè ní kí gbogbo èèyàn dáwọ́ dúró títí ọmọ á fi padà sẹ́yìn ìlà. A lè kọ̀ láti ta garawa míì fún wọn. Èmi máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ pè mí ju kẹ́ ẹ lọ bá òbí fúnra yín, torí bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, òfin ilé ni. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ìjà aládùúgbò ni.

Ohun kan tún wà tí inú yín ò ní dùn sí. Ta ló kọ́ ọmọ láti máa kọjá ìlà? Àgbà ni. Àgbà á gbá bọ́ọ̀lù, kò ní bá a dáadáa, bọ́ọ̀lù á yí gbirigbiri dúró ní nǹkan bíi mítà kan níwájú ẹní. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á fò jáde lọ mú un. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo! Ọmọ ń wò ó. Ọkọ̀ tó ń kó bọ́ọ̀lù náà bẹ́ẹ̀, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ ní "ẹ wò ó bí mo ṣe máa bà á." Ẹ fi bọ́ọ̀lù tó já síwájú sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bá máníjà sọ̀rọ̀, ẹ bá wa sọ èyí: kí wọ́n máa sọ òfin nípa ọmọdé fún òbí kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ kan ló lè wà lórí ẹní lẹ́ẹ̀kan, àti pé àgbà gbọ́dọ̀ dúró tì í, òun ló máa pinnu bóyá òun á sanwó. Tó bá jẹ́ pé ó ti sanwó tán kí n tó lọ sọ ọ́ fún un, ìyà lójú tiẹ̀ ni.

Ọlọ́wọ́-Ọ̀tún

Ẹ ṣé gan-an. @Òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó já síwájú yẹn bà mí díẹ̀ o, màá gba ẹ̀bi. Ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé mo lè bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀? Nígbà míì, kò sáyè láti wá òbí tàbí òṣìṣẹ́.

Kóòṣì Àwọn Èwe

Tó bá jẹ́ ewu, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ni "Dúró!" Ẹ pè é sókè ketekete. Ẹ má pe "Fore!" sí ọmọdé. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù mọ̀ pé kí wọ́n bo orí ni ìyẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á yíjú wá wo ẹni tó ń pariwo, ojú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù á wá bá. Bó bá ti dúró, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀: "O ṣé. Wá síbí, ẹ̀yìn ìlà yìí la máa ń dúró sí." Ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi tó bá di pé kẹ́ ẹ fà á kúrò níwájú ewu.

Tí kì í bá ṣe ewu, tó jẹ́ pé ó kàn ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ bá òbí rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́. Ẹ má sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a láìjẹ́ pé òbí ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bó bá ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó máa ń ṣe gbogbo wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ka èyí, tiyín rèé. Ọmọ tí kò rí nǹkan ṣe ló ń sáré kiri. Ẹ gbé garawa ńlá síwájú ọmọ ọdún mẹ́fà, bó bá gbá mẹ́wàá, ó ti sú u, ẹ̀yin ò sì fẹ́ kí owó yín ṣòfò, ẹ wá fipá mú un síbẹ̀. Ẹ ra garawa tó kéré jù. Ẹ jẹ́ kó gbá díẹ̀, kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi páátà ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, kẹ́ ẹ tún padà wá bó bá ṣì wù ú. Ẹ kó wọn lọ sílé nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ wọn.

Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, òfin méjì péré ni mo máa ń fún wọn. Èkíní, ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níta, ìyókù wà nínú àpò. Bí ọ̀pá kò bá pé méjì, kò sí idà tí wọ́n fẹ́ fi jà. Ìkejì, ẹni tí kò tíì kàn ló máa jẹ́ adájọ́. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn, ẹni tó ń gbá a kò sì gbọ́dọ̀ fì ọ̀pá títí adájọ́ á fi wo ọ̀tún wo òsì, kó ní "Ó yá!" Ẹ ò lè mọ bí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe máa ń fọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan ò tilẹ̀ fẹ́ dìde níbẹ̀ mọ́ bó bá kàn wọ́n láti gbá a.

Ẹ má sì gé ọ̀pá àgbà kù fún wọn. Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wúwo jù fún wọn, ọmọ ò lè ṣàkóso orí ẹ̀, ó sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ọ̀pá ọmọdé ní ìwọ̀n gíga ọmọ. Fún èyí tí kò tíì tó ilé ìwé, oníke àti bọ́ọ̀lù rírọ̀ ló dáa jù.

Má-Fi-Mí-Ṣeré

Ti adájọ́ yẹn dáa. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ nípa irú òbí kejì. Ẹni tí kì í wo fóònù rárá, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń pariwo. "Orí sílẹ̀! Mo ní orí sílẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọmọ ń sunkún, gbogbo wa ń gbọ́. Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń ju ọ̀pá mọ́ ẹní torí inú ń bí i.

Bàbá Àgbà Onígọ́ọ̀fù

A mọ̀ wọ́n. Tiger Woods, gbajúgbajà agbágọ́ọ̀fù nì, ni wọ́n máa ń dá lárúkọ. Lóòótọ́, ọmọ ọdún méjì ni Tiger nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1978, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 21 nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Masters lọ́dún 1997, tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù fi 12 dín sí ti ẹni tó ṣe ipò kejì. Ohun tí àwọn bàbá yìí máa ń gbàgbé ni iye ọmọ tí bàbá wọn ti pariwo lé lórí bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tún fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́.

Irú èyí, má ṣe bá a sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Kò sí bàbá tó máa gbà lójú ọmọ. Sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí ọmọ bá ti ń ju ọ̀pá, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ewu, pe òṣìṣẹ́. Bí ìwọ àti bàbá bá pàdé níbi ẹ̀rọ tó ń da bọ́ọ̀lù, ọmọ ò sí níbẹ̀, o lè sọ pé kóòṣì kan wà níbẹ̀ tó mọwọ́ ọmọdé. Fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ọkùnrin Méjì

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù ká àwọn ọmọ wa sílẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi han máníjà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbójú sókè tí mo rí àjèjì tó ń ya fídíò ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ti tán nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ Orí Pápá

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní kámẹ́rà tiwọn náà. Ẹ sọ àkókò fún wa, àwa la máa wò ó.

Ọlọ́wọ́-Ọ̀tún

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìpẹ̀kun apá òsì ni màá kọ́kọ́ lọ gbà. Màá tún pè wọ́n lórí fóònù láti béèrè wákàtí tí èrò kì í pọ̀.

Kóòṣì Àwọn Èwe

Bẹ́ ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ béèrè ìgbà tí ẹ̀kọ́ àwọn èwe máa ń parí pẹ̀lú. Kì í ṣe àkókò ẹ̀kọ́ gan-an ló ń le, torí àwa wà pẹ̀lú wọn nígbà yẹn. Bí a bá ṣe jọ̀wọ́ wọn tán ni: bọ́ọ̀lù díẹ̀ ṣì kù nínú garawa, àwọn òbí ti pàdé ara wọn nídìí káńtà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sí i kẹ́ ẹ tó dé.